Ẹ WO Ẹ̀YÌN KẸ́ Ẹ TÓ PÀÀRỌ̀ IWÁJÚ! Ẹ́ńjìnnì ńlá lórí ásù kékeré ń gba owó àjọ lọ́wọ́ ọlọ́jà

Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ń tajà ní Ìkọ̀tún, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò, ẹ̀yin mẹkáníìkì, wẹ́dà, awakọ̀ àti kọ́ńdọ́, ẹ wá gbọ́ o. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìkan. Ta ló ń rówó ra bọ́ọ̀sì tí àwọn ọkùnrin ń wà? Bẹ́ ẹ bá tú ìdí bọ́ọ̀sì mìíràn wò, owó tòmátò, owó ẹja àti owó àǹkárá lẹ máa bá níbẹ̀. Ẹni tó bá sì ní owó lórí nǹkan, ó yẹ kó mọ ohun tó ń jẹ owó náà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ, ká pè é ní Màmá Ẹlẹ́ja. Orúkọ yìí kì í ṣe ti ẹnì kankan o, àpèjúwe lásán ni. Màmá kó èsúsú, ó yá díẹ̀ mọ́ ọn lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ó ra bọ́ọ̀sì LT kan, ó gbé e fún awakọ̀ pé kó máa jíṣẹ́ lójoojúmọ́. Nígbà tó ṣe, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín, ó ń kan gbọ̀ngbọ̀n bí ẹni ń gún iyán. Mẹkáníìkì wò ó, ó ní: "Màmá, ẹ má wulẹ̀ tún èyí ṣe mọ́, owó ẹ̀ á kàn ṣòfò ni. Ẹ jẹ́ ká gbé ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ kan sí i, èyí tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọkọ̀ yín á máa fò ni!" Ta ni kò fẹ́ kí ọkọ̀ òun máa fò? Màmá ka owó sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, inú awakọ̀ ń dùn, ó ń yọ ẹyin gbogbo sílẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ń ya gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lójú títì. Ọ̀sẹ̀ kẹta, èrò kún inú ọkọ̀ fọ́fọ́, ẹrù wà lẹ́yìn, táyà ẹ̀yìn kan kó sínú kòtò. Awakọ̀ fi jíà kìíní sí i, ó tẹ iná mọ́ ọn, ó já kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ wàì. Ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́yìn ni "kao!" Ẹ́ńjìnnì ń bú ramúramù, ọkọ̀ dúró gbagidi. Kọ́ńdọ́ ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, èrò ní kó dá owó àwọn padà. Wọ́n fa ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, wọ́n tú ẹ̀yìn, eyín irin ti ká sínú ọ́ìlì bí eyín àgbàdo. Wọ́n ra òmíràn tó bá ti tẹ́lẹ̀ mu wẹ́kú, wọ́n tò ó. Oṣù méjì kò pé, "kao!" lẹ́ẹ̀kan sí i. Mẹkáníìkì ní awakọ̀ ló ń wakọ̀ bí ẹranko. Awakọ̀ ní mẹkáníìkì ò mọ iṣẹ́. Ará àdúgbò kan á sì ní kí Màmá lọ wádìí ilé, pé ayé ti dá sí i.

Ayé kọ́ o, jàre! Ọkọ̀ ni wọ́n pààrọ̀ iwájú rẹ̀ tí wọ́n gbàgbé ẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ohun tó wà lẹ́yìn yẹn ná. Bẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bọ́ọ̀sì tó jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn ló ń wà á lọ, ẹ máa rí irin ọ̀pá gígùn kan tó ń bọ̀ láti abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Pòròpélà nìyẹn. Ó wọ inú irin roboto kan tó dà bí ìkòkò láàárín táyà méjèèjì. Inú ìkòkò yẹn ni dífẹ́rẹ́ńṣíà wà, gbogbo irin tó sì dábùú láti táyà dé táyà là ń pè ní ásù ẹ̀yìn. Nínú ìkòkò náà, jíà kékeré kan wà lẹ́nu pòròpélà, píníọ̀n ni wọ́n ń pè é. Ó ń yí jíà ńlá kan tó rí bí adé, ìyẹn kíráùn. Láti ibi kíráùn ni agbára ti ń gba inú ṣáàfù méjì jáde, ọ̀kan sí táyà ọ̀tún, ọ̀kan sí táyà òsì.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọn ò kàn fi irin kan ṣoṣo so táyà méjèèjì pọ̀? Ẹ wo bọ́ọ̀sì tó ń yípo ráńdábáọ̀tì Ìkọ̀tún. Táyà tó wà ní ẹ̀gbẹ́ inú ń rìn ní ọ̀nà kúkúrú, táyà tó wà lódè ń rìn ní ọ̀nà gígùn, bí ìgbà táwọn ọmọdé bá dì mọ́ra wọn lọ́wọ́ tí wọ́n ń yípo: ẹni tó wà láàárín ń rọra tẹ̀, ẹni tó wà ní ìparí ń sáré. Bí irin kan ṣoṣo bá so táyà méjèèjì, ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa wọ́ nílẹ̀ ni. Àwọn jíà kéékèèké tó wà láàárín kíráùn ló ń jẹ́ kí ọ̀kan yára kí èkejì rọra, síbẹ̀ kí agbára tó ń dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì dọ́gba. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Onésiphore Pecqueur, ló gba ìwé àṣẹ irú rẹ̀ fún ọkọ̀ tó ń fi ooru omi rìn ní 1828. Nítorí náà kì í ṣe ohun àná.

Ó kù síbì kan. Bí táyà kan bá kó sí ẹrẹ̀ nígbà òjò, yóò máa yí lófo, ẹnì kejì tó wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ kò ní lè fa ọkọ̀, torí pé ohun tí ọ̀kan bá rí gbà náà ni èkejì ń gbà. Àwọn kan wá ní ọgbọ́n orí tiwọn: wọ́n á gbé wẹ́dà wá, wọ́n á jó àwọn jíà kéékèèké yẹn pọ̀ kí táyà méjèèjì lè máa yí pọ̀. Ẹ má gbà o! Lórí ọ̀dà, ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ á máa já táyà jẹ, á máa fún ṣáàfù lọ́rùn ní gbogbo kọ́nà, bí òjò bá sì rọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ lè yọ̀ lọ bá ẹni tó jókòó jẹ́jẹ́ nídìí igbá ọsàn rẹ̀ létí títì.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ agbára, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé agbára tí ẹ́ńjìnnì bá ní náà ló ń dé táyà. Rárá o. Jíábọ́ọ̀sì á kọ́kọ́ sọ ọ́ di púpọ̀, dífẹ́rẹ́ńṣíà á tún sọ ọ́ di púpọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ bí a ti ń ṣe ìṣirò ọjà. Ká ní ẹ́ńjìnnì àtijọ́ lè fún irin lọ́rùn tó ìwọ̀n kílò 12 tí wọ́n so kọ́ ìkángun ọ̀pá tó gùn ní mítà kan. Jíà kìíní sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, ó di 48. Dífẹ́rẹ́ńṣíà tún sọ ìyẹn di ìlọ́po mẹ́rin, ó di 192. Ṣáàfù méjì pín in, 96 kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpò ìrẹsì oníkílò 50 méjì, ó dín kílò mẹ́rin, ló ń rọ̀ dirodiro sí ìkángun ọ̀pá onímítà kan, tó ń fún ṣáàfù kan ṣoṣo lọ́rùn. Ó dáa. Ẹ wá gbé ẹ́ńjìnnì tuntun tó ní 20 sí i dípò 12. Ó ti di 320 níjọ́ kan náà, 160 fún ṣáàfù kọ̀ọ̀kan. Àpò ìrẹsì mẹ́ta, kílò mẹ́wàá lé. Ṣáàfù kò tóbi sí i, eyín kíráùn kò nípọn sí i. Ọmọ tí wọ́n ní kó ru àpò méjì ni wọ́n di mẹ́ta rù.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní: "Ẹ̀gbọ́n, mo mọ ọkọ̀ kan tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí, ó sì ń rìn títí dòní." Òótọ́ ni. Ìdí rẹ̀ ni pé táyà náà ní iye tó lè gbà. Bí ọkọ̀ bá ṣófo, tí awakọ̀ tẹ iná jù, táyà á kàn yọ̀ lórí ilẹ̀ ni, agbára àjùlọ á bá ibẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí èrò bá kún, tí ẹrù tẹ táyà mọ́lẹ̀ pinpin, táyà kò ní yọ̀ mọ́. Gbogbo agbára á wá dúró lórí irin. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìgbà tí èrò bá kún, tí owó fẹ́ wọlé, ni ẹ̀yìn ọkọ̀ ń já. Ẹni tó bá dán ọkọ̀ òfìfo wò ní kùtùkùtù tó ní "ó ti dáa," kò tíì dán nǹkan kan wò.

Ní Alímọ̀ṣọ́ tiwa yìí, ìgbà wo ni ọkọ̀ ń ṣófo? Ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn 1,277,714 ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ nìkan, ilé kò sì tíì dẹ́kun láti máa wọlé láti ìgbà náà. Gbogbo wọn ló ń wá ohun tó máa gbé wọn lọ sí ọjà àti ibi iṣẹ́.

Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ gan-an mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ rántí Peugeot 504, èyí tí ilé iṣẹ́ Peugeot tó ṣí ní Kàdúná ní 1975 tò tà fún wa. Sàlúùnù rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù, táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ń lọ sókè sódò lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe èyí tó gùn, tó ń kó èrò rìnrìn-àjò, wọn ò kàn fa ẹ̀yìn rẹ̀ gùn kí wọ́n sì fi ẹ̀yìn sàlúùnù sí i. Wọ́n fi ásù gbọọrọ kan sí i, wọ́n fi sípíríǹgì méjì méjì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó tún kan píkọ́ọ̀pù, wọ́n fi sípíríǹgì aláwẹ́ sí i. Ẹrù yí padà, wọ́n yí ẹ̀yìn padà. Àwọn tí wọ́n kàwé rẹ̀ ló ṣe bẹ́ẹ̀, àwa wá fẹ́ fi ẹnu lásán ṣe é.

LT tí a fi Màmá Ẹlẹ́ja ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀ ńkọ́? Ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1975. Ọdún yẹn náà ni Volkswagen ti Nàìjíríà ṣílẹ̀kùn ní Ọ̀jọ́, létí wa níbí, tí wọ́n ń tò ìjàpá. Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n máa ń kọ sí LT lára: 28, 31, 35 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan rò pé ẹ́ńjìnnì ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì o, ìwọ̀n ni. LT 28 túmọ̀ sí pé ọkọ̀, awakọ̀, èrò, ẹrù àti epo, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, kò gbọ́dọ̀ ju kílò 2,800 lọ. LT 35, kílò 3,500. Nígbà tí wọ́n dé LT 40 sókè, táyà ẹ̀yìn ti di méjì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ ò rí i pé àwọn tó ni ọkọ̀ ti kọ ọ́ sí i lára, àwa la ò kà á.

Dánfó àtijọ́, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì ní ìdí, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Jíábọ́ọ̀sì àti dífẹ́rẹ́ńṣíà rẹ̀ wà nínú ilé irin kan náà, kò ní pòròpélà rárá. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì tó lágbára jù sí irú rẹ̀, gbogbo ilé irin yẹn ló ń fi dánrawò, kì í ṣe dífẹ́rẹ́ńṣíà nìkan.

Kòròpé ló ń bà mí lẹ́rù jù, ẹ jẹ́ kí n má purọ́. Ẹ mọ àwọn bọ́ọ̀sì kéékèèké tó ń já gba àdúgbò wa, irú ìdílé Suzuki Every àti Daihatsu Hijet. Òfin ilẹ̀ Japan ló bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀: láti 1990, ẹ́ńjìnnì wọn kò gbọ́dọ̀ ju 660 lọ, ẹrù tí wọ́n sì gbà wọ́n láyè láti gbé kò ju kílò 350. Ẹ wá ka àgbàlagbà méje sínú rẹ̀, kílò 65 kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ti di 455, a ò tíì sọ̀rọ̀ apẹ̀rẹ̀ tòmátò. Ásù tó ti ń ru àrùjù kí a tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni ẹnì kan tún fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì ńlá lé lórí!

Ewu tó wà níbẹ̀ ju ewu owó lọ. Nínú ọkọ̀ kéékèèké àti ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì, ṣáàfù tó ń yí táyà náà ló gbé táyà dání. Bó bá ṣẹ́ ní òde, lẹ́bàá táyà, táyà á yọ kúrò lára ọkọ̀ lórí eré, á máa yí lọ bá ẹni ẹlẹ́ni. Nínú ọkọ̀ ńlá bíi Mercedes 911 tí wọ́n fi ṣe mólùè nígbà kan, kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé irin ásù ló gbé táyà, ṣáàfù kàn ń yí i ni, wọ́n tilẹ̀ lè fa ṣáàfù rẹ̀ yọ láìgbé ọkọ̀ sókè. Bó bá ṣẹ́, ọkọ̀ á dúró ni, táyà kò ní sá lọ.

Ṣé ká wá má pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì mọ́ ni? A ò sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì tí ẹ fẹ́ gbé sí i bá jẹ́ irú ti tẹ́lẹ̀, tàbí tí agbára wọn sún mọ́ra, ẹ lọ ṣe é. Ṣùgbọ́n bó bá jù ú lọ gan-an, ẹ da owó ásù mọ́ owó ẹ́ńjìnnì kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí owó méjèèjì kò bá pé, ẹ ní sùúrù, ẹ tún ti àtijọ́ ṣe.

Èyí tó dára jù ni kẹ́ ẹ wá odindi ásù ti ẹ̀gbọ́n ọkọ̀ náà. Ìdílé kan náà, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣe fún ẹrù tó wúwo jù. Bí ẹ bá lọ sí Ládìpọ̀ ní Múṣín, ẹ gba odindi rẹ̀: ilé irin, kíráùn, píníọ̀n, ṣáàfù, ìlù bíréèkì. Ẹ gbé téèpù dání. Kí fífẹ̀ rẹ̀ bá ti yín mu, kí táyà má baà máa ha ara ọkọ̀ tàbí kó yọ síta bí etí erin. Ẹ wo ibi tí sípíríǹgì ń jókòó lé. Bí wọ́n bá ní àwọn máa jó o kúrò kí àwọn tún un jó mọ́ ibòmíràn, ẹ béèrè pé báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é tí ilé irin náà kò fi ní tẹ̀ nínú iná. Bó bá tẹ̀ díẹ̀ báyìí, bíárìn àti síìlì ò ní pẹ́ bàjẹ́. Pòròpélà náà á fẹ́ kí wọ́n gé e tàbí kí wọ́n fà á gùn. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí irin ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, kó lè yí geere.

Bó bá jẹ́ kíráùn àti píníọ̀n nìkan lẹ fẹ́ rà, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: tọkọtaya ni wọ́n. Pọ̀ ni wọ́n lọ̀ wọ́n ní ilé iṣẹ́ tí eyín wọn fi mọ ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ta kíráùn ti ọkọ̀ kan fún yín, kó tún mú píníọ̀n ti òmíràn kún un, ẹ sọ fún un pé kó máa lọ. Wọn ò ní bá ara wọn gbé. Ọ̀pọ̀ ìgbà lẹ máa rí nọ́ńbà kan náà tí wọ́n fín sí àwọn méjèèjì lára.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì, iṣẹ́ títò rẹ̀ kò gba ìkánjú. Àyè tó wà láàárín eyín méjèèjì kò ju ìnípọn bébà kan tàbí méjì lọ. Ìwé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ń sọ iye tirẹ̀ gan-an. Bó bá fún jù, ooru á jó o. Bó bá ṣí jù, eyín á máa gbá ara wọn títí wọ́n á fi ká. Ẹ fi ọ̀dà kun eyín kíráùn, ẹ yí i, kẹ́ ẹ wo ibi tí eyín ti ń fara kanra. Àárín eyín ni kó ti fara kàn, kì í ṣe ṣóńṣó, kì í ṣe ìdí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ pààrọ̀ àwọn irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn bíárìn títí yóò fi rí bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé onímọ́tò á ti dúró sórí yín, á máa ní "ṣé kò tíì tán ni?" Ẹ jẹ́ kó dúró. Àwọn onímọ́tò náà wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi owó ọ̀sán wá iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, bí nǹkan bá wá bàjẹ́, wọ́n á ní mẹkáníìkì ló jalè.

Ohun kan tún wà tí kì í jẹ́ kí ásù bá ẹ́ńjìnnì mu: iye eyín. Bí píníọ̀n bá ní eyín 10, tí kíráùn ní 41, pòròpélà á yí nígbà 4.1 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí kíráùn bá ní 49, ó di 4.9. Èyí tí iye rẹ̀ pọ̀ ń fa ẹrù dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì á máa ké lórí eré, á sì máa mu epo. Èyí tó kéré ń sáré, ṣùgbọ́n ó ń lọ́ra láti gbéra. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ iye rẹ̀ láìtú u nìyí: ẹ fi òkúta dí táyà iwájú méjèèjì dáadáa, ẹ gbé ẹ̀yìn sókè, ẹ gbé e lé orí irin ìdúró tó lágbára, kì í ṣe jáàkì nìkan, ẹ yọ ọ́ kúrò ní jíà. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí pòròpélà àti táyà. Kí ènìyàn méjì yí táyà méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹnì kẹta máa ka pòròpélà. Bó bá jẹ́ táyà kan lẹ di mú, ẹ gbọ́dọ̀ yí èkejì lẹ́ẹ̀mejì kí ìṣirò tó bọ́ sí i.

Ẹ má fojú kékeré wo ìṣirò yìí, torí pé ó kan abẹ́rẹ́ tó ń sọ eré. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, ara jíábọ́ọ̀sì ni abẹ́rẹ́ yẹn ti ń gba ìròyìn. Kò mọ̀ pé ẹ ti pààrọ̀ ẹ̀yìn. Bẹ́ ẹ bá yọ 4.9, tẹ́ ẹ fi 4.1 sí i, abẹ́rẹ́ á ní ọgọ́rin lẹ̀ ń sá, ó ti lé ní 95 lójú títì. Awakọ̀ rò pé òun ń rọra lọ. Bíréèkì ńkọ́? Ti àtijọ́ náà ni. Nítorí náà, bí ásù tuntun bá wá pẹ̀lú ìlù bíréèkì tó tóbi, ẹ lò ó, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wo bóyá pọ́ńpù bíréèkì tó wà níwájú lè bọ́ ọ.

Ti ìwé ọkọ̀ kò gùn. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé. Bẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tó tà á, kẹ́ ẹ lọ yí nọ́ńbà náà padà níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ọkọ̀, kí VIO tàbí ọlọ́pàá má baà mú ọkọ̀ yín bí ọkọ̀ olè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í wakọ̀, tó jẹ́ pé owó jíjẹ́ nìkan lẹ̀ ń gbà nírọ̀lẹ́, ẹ máa wọ ọkọ̀ yín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí èrò. Ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ tẹ́tí. Bẹ́ ẹ bá ń gbọ́ "hùùùn" nígbà tí awakọ̀ bá tẹ iná, tó sì ń yí ohùn padà nígbà tó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, kíráùn àti píníọ̀n lẹ̀ ń gbọ́. Bó bá jẹ́ "kọ́!" ní gbogbo ìgbà tó bá já kílọ́ọ̀ṣì, àyè ti ṣí níbì kan, ó lè jẹ́ oríkèé pòròpélà, ó lè jẹ́ eyín. Bó bá ń kùn ní kọ́nà nìkan, ẹ fura sí bíárìn àti àwọn jíà kéékèèké. Kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn táyà. Bí ọ́ìlì bá ń ṣàn síbẹ̀, síìlì ti lọ, ọ́ìlì náà sì ti ń wọ inú bíréèkì.

Ọ́ìlì ásù kì í ṣe ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n rọ èyí tó ṣẹ́kù nínú gálọ́ọ̀nù sí i. Ọ́ìlì jíà 90 tí wọ́n kọ GL-5 sí lára ni ọ̀pọ̀ irú ásù yìí ń fẹ́, torí pé eyín wọn ń yọ̀ lórí ara wọn pẹ̀lú agbára ńlá. Bí wọ́n bá ti tò ó tán, kí awakọ̀ má ṣe gbé èrò kún un lọ́jọ́ kìíní. Kó rìn ín wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kó dúró lẹ́yìn ìrìn bíi kìlómítà mẹ́wàá, kó fọwọ́ kan ìkòkò ẹ̀yìn. Bó bá gbóná débi pé ọwọ́ kò lè dúró níbẹ̀, ó fún jù, kó dá a padà. Lẹ́yìn kìlómítà bíi 800, ẹ da ọ́ìlì àkọ́kọ́ sínú abọ́ funfun níwájú mẹkáníìkì, kẹ́ ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì rò ó. Bó bá jẹ́ ìyẹ̀fun irin kúnná díẹ̀ ló gbé, ẹ rọ ọ́ìlì tuntun sí i, ẹ máa ṣiṣẹ́ yín lọ. Bó bá jẹ́ ẹyọ irin ló lẹ̀ mọ́ ọn, ọkọ̀ yẹn kò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.